Ta ni yóò ní ká tún ti ilẹ̀kùn? Àkọsílẹ̀ ìjọ kan tó ń wá ọ̀nà àtipadà wọlé

Ìjọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tóbi. Orúkọ tó wà nínú ìwé wọn kò pé 200. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, pẹ̀lú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn akọrin ti máa ń kọ́ orin, àti àgbàlá tó fẹ̀ dáadáa lẹ́yìn. Orúkọ ìjọ náà àti ti àwọn èèyàn inú rẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ dídènà àkóràn ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Oṣù keje ọdún 2020 ni wọ́n ké sí mi. Ìjọba ti yọ̀ǹda pé kí àwọn ilé ìjọsìn tún ṣí, ṣùgbọ́n ìjọ náà kò tíì fẹnu kò. Alàgà ìgbìmọ̀ wọn ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Kòrónà kò tú ìjọ yìí ká, ọ̀rọ̀ ṣíṣí ilẹ̀kùn ló fẹ́ tú u."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kárí ayé. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjọ náà fi ti gbọ̀ngàn pa, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn, nítorí ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìsìn lórí fóònù: kí èèyàn tẹ nọ́ńbà kan, kó sì máa gbọ́. Ní oṣù kẹrin, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ìjọ kú. Ẹni mélòó kan péré ni òfin kónílé-ó-gbélé gbà láyè níbi ìsìnkú wọn. Alàgà sọ èyí fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹ̀yìn lásán. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Nígbà tí mo dé, ìhà méjì ló ń pariwo. Nínú àwọn tó fẹ́ ká ṣí i, olùdarí akọrin wà níbẹ̀, àti bàbá arúgbó kan tó ń dá gbé, tó jẹ́ pé Sọ́ńdè nìkan ni ọjọ́ tí ẹnì kan ń pe orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan náà wà tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ńlá. Ó bi mí pé, "Bí mo bá ń dúró ti ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí ló dé tí mi ò lè fi wákàtí kan jókòó nílé Ọlọ́run?" Ìbéèrè gidi ni, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì rí èsì gidi fún un. Ní ìhà kejì, ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún, tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan wà pẹ̀lú rẹ̀, àti àwọn tí òbí wọn ti dàgbà. Àwọn yìí ní kí wọ́n ní sùúrù. Àwọn tọ̀hún ní sùúrù ti tó.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣe dàrú, èmi ni mo sì dá a rú. Orí Zoom ni a ti ṣe é. Mo rò pé bí mo bá gbé òtítọ́ síwájú wọn, ọkàn wọn yóò rọ̀. Mo sọ ìtàn ẹgbẹ́ akọrin kan ní Skagit County, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2020, èèyàn 61 péjọ láti kọ́ orin fún wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹnì kan nínú wọn ní ohun tó jọ òtútù lára. Lẹ́yìn náà, àkọsílẹ̀ fi hàn pé àyẹ̀wò rí àrùn náà lára èèyàn 33, wọ́n sì ka 20 míì mọ́ wọn nítorí àmì àìsàn tó hàn lára wọn. Méjì kú. Bí mo ṣe dákẹ́, olùdarí akọrin tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé apààyàn ni ẹ ń pè wá ni?" Kí n tó dáhùn, ẹnì kan láti ìhà kejì ti ní, "Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ti gbọ́ ọ!" Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn méjì ti jáde kúrò nínú ìpàdé. Gbogbo ohun tí mo sọ ló jẹ́ òótọ́. Àmọ́ àárín èèyàn tó ń jà ni mo gbé e jù sí, wọ́n sì he é sọ lu ara wọn.

Mo ronú sí i púpọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n fi síwájú ara wọn ni pé, "Ṣé ká ṣí i àbí ká má ṣí i?" Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ló pín wọn sí méjì, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gbọ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pín sí ìhà kan tàbí èkejì. Ní oṣù díẹ̀ sí i, mo rí i pé ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn kan gbé Great Barrington Declaration jáde, pé kí a dáàbò bo àwọn tí ewu wọn pọ̀, kí àwọn yòókù padà sẹ́nu ìgbésí ayé wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn mìíràn fi gbé John Snow Memorandum jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, pé ọ̀nà yẹn léwu. Láti ìgbà náà, kí èèyàn tó sọ gbólóhùn kan, wọ́n á ti fẹ́ mọ ìwé èwo ló fọwọ́ sí. Ta ni yóò dáàbò bo ìyá kan tó ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, báwo ni yóò sì ṣe é? Ìbéèrè yẹn bọ́ sílẹ̀ láàárín ariwo.

Mo padà sọ́dọ̀ alàgà. Mo ní kó fún mi ní orúkọ àwọn tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan nínú ìpàdé. Ó yà á lẹ́nu bí orúkọ náà ṣe gùn tó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nírọ̀lẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo ń bi wọ́n: kí ni àárò rẹ̀ ń sọ yín jù, kí ló ń bà yín lẹ́rù jù, àti pé bí ẹ kò bá lè padà síbẹ̀ báyìí, kí ni ẹ kò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé?

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí ní ìhà kankan. Ojú ń ti àwọn kan láti sọ pé ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n, nítorí wọn kò fẹ́ kí a sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kéré. Ojú ń ti àwọn mìíràn láti sọ pé ó ti sú wọn, nítorí wọn kò fẹ́ kí a sọ pé wọn kò bìkítà fún àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ló ní àwọn ń gbọ́ ìwàásù dáadáa lórí fóònù. Àárò ohùn tó ń dàpọ̀ nínú orin ló ń sọ wọ́n, àti ti ọwọ́ tí a fi ń bọ ara wa lọ́wọ́, àti ti ẹni tó máa béèrè pé, "Sọ́ńdè tó kọjá, mi ò rí yín o." Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo kàn rò pé ohun tí mo ń kó jọ ni bí a ó ṣe to ìjókòó.

Lẹ́yìn náà ni mo pe ìyá kan, opó, tí ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tó kú ní oṣù kẹrin. Mo bi í pé kí ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ jù. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Ó wá ní, "Ọmọ mi, wọ́n ń jà lórí ìgbà tí a máa wọlé. Èmi kò tíì sin ọkọ mi tán."

Mi ò lè béèrè ìbéèrè kejì. A jọ dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí wọ́n ṣe gbé e lọ, ẹni márùn-ún tó wà níbẹ̀, àti bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọrin láti kékeré ṣe ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Mo bi í bóyá yóò fẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ìgbìmọ̀. Ó ní òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́.

Ó sì sọ ọ́. Olùdarí akọrin, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, sunkún lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀dọ́bìnrin tó pààrọ̀ kíndìnrín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Bí ó bá jẹ́ inú àgbàlá ni, èmi náà á wá." Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kí ẹnì kan láti ìhà yẹn sọ pé òun á wá. Ohun àkọ́kọ́ tí ìjọ náà ṣí kò wá jẹ́ ìsìn rárá. Ìrántí àwọn mẹ́ta náà ni, ní oṣù kẹjọ, nínú àgbàlá. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan jókòó jìnnà sí èkejì, gbogbo wọn wọ ìbòmú, ẹnì kan ṣoṣo ló dúró lókèèrè tó kọrin, wọ́n sì pe orúkọ àwọn olóògbé síta lẹ́ẹ̀mẹta.

Èmi náà ní ohun tí mo ní láti tún kọ́ nídìí àgbàlá yìí. Ọwọ́ fífọ̀ àti nínu orí tábìlì ni mo ti fi kọ́ èèyàn jù lọ. Ní oṣù keje yẹn gan-an, onímọ̀ 239 kọ lẹ́tà sí gbangba pé kí àwọn aláṣẹ ìlera gbà pé àrùn yìí ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, ju bí a ṣe ń sọ lọ. Mo kà á, mo sì rí i pé ìmọ̀ràn tí mo ti fún àwọn kan ní oṣù kẹrin ti gbé ìtẹnumọ́ síbi tí kò yẹ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ náà láì fi bò. Alàgà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí gbọ́.

Lẹ́yìn ìrántí, ohùn wọn yí padà. Dípò kí wọ́n máa bi ara wọn pé ṣé ká ṣí i, wọ́n tú ẹrù náà palẹ̀, wọ́n ń mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: jíjókòó níta, jíjókòó nínú ilé pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, àwọn ọmọdé, ìbọwọ́, orin. Orin ló gbẹ̀yìn, olùdarí akọrin fúnra rẹ̀ ló sì fi í sẹ́yìn. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sáàárín ìgbésẹ̀ kan àti èkejì. Àwọn kan ní ó pọ̀ jù, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: ẹni tó bá kó àrùn náà lónìí, nǹkan bí ọjọ́ 5 ló sábà máa ń gbà kí àmì tó hàn lára rẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó 14. Ó ti lè máa ran ẹlòmíràn ní bí ọjọ́ 2 ṣáájú kó tó mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Ẹni tó kó o lọ́dọ̀ rẹ̀ náà yóò lo ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá wo ọ̀sẹ̀ kan péré, tó ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ó yára sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti pẹ́ jù ni ìlà ìdádúró. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun nínú ilé: kí ni yóò mú wa padà síta, ta sì ni yóò sọ ọ́? Kò dùn mọ́ alàgà nínú. Ó ní, "Ṣé ká ti máa ronú ìkùnà kí a tó bẹ̀rẹ̀?" Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kòríà Gúúsù fún un. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ni wọ́n dẹ òfin ìjìnnà síra ẹni. Àkóràn tó ti inú àwọn ilé fàájì ní àdúgbò Itaewon, ní Seoul, bẹ̀rẹ̀ sí í hàn síta láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 9, olórí ìlú Seoul ti pàṣẹ kí wọ́n ti àwọn ilé fàájì ìlú náà. Ẹni tó ni àṣẹ náà hàn kedere, kò sì dúró de ìpàdé ńlá. Ìlú náà tún gbà kí èèyàn ṣe àyẹ̀wò láì dárúkọ, nítorí ojú ń ti ọ̀pọ̀ láti jáde wá. Apá kejì ìtàn yẹn ni alàgà di mú. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ aláìsàn kankan nínú ìjọ náà láé.

Ohun tí wọ́n kọ kò ju ìdajì ojú ìwé lọ. Bí àyẹ̀wò bá rí àrùn náà lára èèyàn láti agbo ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọjọ́ 7, gbogbo ìsìn yóò padà sí àgbàlá. Ẹni méjì ni wọ́n fún lágbára láti sọ bẹ́ẹ̀: òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn, àti àgbà kan tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti sọ ọ́, ó tán, ẹnikẹ́ni kò ní ní kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn. Gbogbo ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n ti wọ gbọ̀ngàn fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Akọrin mẹ́rin, pẹ̀lú olùdarí wọn, lọ sínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ láti gba orin sílẹ̀ fún àwọn tó ṣì ń gbọ́ ìsìn lórí fóònù nílé. Ìfẹ́ ló gbé wọn débẹ̀. Wọ́n ti fèrèsé kí ariwo ìta má bàa wọ inú orin. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, àyẹ̀wò ti rí i lára ẹni mẹ́ta láti agbo ilé mẹ́ta. Olùdarí akọrin wà lára wọn. Òun ló pè mí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátá: "Nọ́ọ̀sì, èmi ni."

Àgbà ẹnu ọ̀nà kà ìwé náà jáde lórí ìlà fóònù ní alẹ́ Sátidé, ó ní, "Ọ̀la, àgbàlá ni o." Kò lò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ti múra sílẹ̀ de ìjà tó máa tẹ̀ lé e. Kò sí ìjà. Olùdarí akọrin fẹ́ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, alàgà sì pè é, ó ní, "Ìwé tí gbogbo wa fọwọ́ sí ló gbé wa padà síta, ẹ̀yin kọ́." Ẹni méjì nínú ìdílé àwọn akọrin náà tún kó o. Gbogbo wọn ló gbádùn, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí olùdarí tó lè gbé ohùn sókè bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a rí i pé wọn kò rú òfin kankan. Ohun tí a kọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má kọrin "nínú gbọ̀ngàn". Yàrá ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe gbọ̀ngàn. Èmi ni mo bá wọn kọ gbólóhùn yẹn, ẹ̀bi mi sì ni. A tún un kọ: ibikíbi tí èèyàn púpọ̀ bá ti ń mí afẹ́fẹ́ kan náà láì sí ibi tó ń gbà jáde. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn CO2, ìyẹn gáàsì tí a ń mí síta, nítorí èémí wa ló ń gbé e pọ̀ sí i nínú ilé. Níta, ó máa ń wà ní nǹkan bí 420 ppm, ìyẹn ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Wọ́n fẹnu kò pé bó bá ti kọjá 800 nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n ṣí fèrèsé sí i tàbí kí wọ́n jáde. Àwọn ọmọdé ni wọ́n fún ní iṣẹ́ kíka ẹ̀rọ náà síta, wọ́n sì ń ṣe é bí ẹni tó di aláṣẹ.

Lọ́dún 2021, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n padà wọlé tán, orin sì padà. Ìgbà yẹn ni ìjà ìkẹyìn dé, n kò sì retí rẹ̀. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n pa ìlà fóònù rẹ́, nítorí gbogbo nǹkan ti padà sí bó ṣe wà. Ọ̀dọ́bìnrin tó pààrọ̀ kíndìnrín ní kí wọ́n gbọ́ tòun. Abẹ́rẹ́ náà kì í sábà ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ń lo irú oògùn tó ń lò. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, nígbà tí gbogbo wa wà níta, ẹnikẹ́ni kò dá wà. Bí ẹ bá pa ìlà yẹn, èmi nìkan ni ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ ìta." Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ńlá, ẹni tó ti fẹ́ kí wọ́n ṣí i láti ọjọ́ kìíní, ló ní òun á máa tan ẹ̀rọ náà ní gbogbo Sọ́ńdè. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì náà ti parí, ó ṣì ń tàn án.

Fún ẹ̀yin tí wọ́n máa pè sí irú àríyànjiyàn yìí, nínú àjàkálẹ̀ mìíràn tàbí nínú ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́: nínú ohun mẹ́fà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2020 pé kí orílẹ̀-èdè wò kó tó dẹ òfin, èyí tó gbẹ̀yìn ni pé kí ará ìlú lóye ìyípadà náà, kí wọ́n sì lọ́wọ́ sí i. Ìkẹyìn náà ni èmi fi í sí nínú iṣẹ́ mi, ó sì ná mi ní oṣù kan gbáko. Bí mo bá tún un ṣe, ìpè fóònù ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, n ó sì béèrè nípa òkú ṣáájú kí n tó béèrè nípa ìjókòó. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ìlà ìdádúró nígbà tí ara gbogbo èèyàn ṣì yá, nítorí ní alẹ́ Sátidé yẹn, mi ò rò pé ìpàdé kankan ì bá fẹnu kò. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ òfin, ẹ kọ ohun tó ń fa ewu síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ yàrá. Ẹ wá ẹni tí kò ní lè padà rárá, kí ẹ jẹ́ kó jókòó sídìí tábìlì láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀dọ́bìnrin yẹn wà níbẹ̀ nítorí pé ó ní ìgboyà láti fa ara rẹ̀ wọlé, a kò pè é. Mo ṣì máa ń bi ara mi pé mélòó ni irú rẹ̀ tó wà nínú orúkọ tí mo pè ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, tí fóònù dún títí, tí wọn kò gbé e, tí n kò sì tún padà pè.